Ojú tí Google fi ń wo sáìtì, ojú tí oníbàárà fi ń wò ó

Sí Olóòtú,

Okun o! Bí a ṣe ń kí ara wa ní ìwọ̀ oòrùn Kogi nìyẹn. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ "okun" yìí níwájú, nítorí ó wà lára ohun tó ń da àwọn oníṣòwò wa láàmú lórí Google.

Ìpolówó kan kò yéé kiri lórí WhatsApp lọ́dọ̀ wa: ẹnì kan yóò ní òun máa gbé sáìtì yín dé òkè téńté Google láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ san ìdajì owó. Onílé ìtura ń san án, onílé ìwé aládàáni ń san án, ahunṣọ náà ń san án. Google fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta fún ará ayé kà pé kò sí ẹni tó lè ṣe onídùúró ipò kìn-ín-ní fún ẹnikẹ́ni. Ó tún kọ ọ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ SEO, ìyẹn títún sáìtì ṣe kí Google lè máa gbé e síwájú, máa ń gba oṣù mẹ́rin sí ọdún kan kí ẹni tó ni sáìtì tó rí àǹfààní rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ò sí níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dunni ni pé ipò kọ́ ló ń yọ ọ̀pọ̀ sáìtì kéékèèké agbègbè wa lẹ́nu. Òmíràn wà tí Google kò mọ̀ pé ó wà láyé. Òmíràn wà tí Google mọ̀ dáadáa, àmọ́ tí fóònù oníbàárà kò rí ṣí. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, owó ìpolówó kò sì wo èyíkéyìí sàn nínú wọn.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹ ṣí Google, ẹ tẹ site: kí ẹ sì lẹ àdírẹ́sì sáìtì yín mọ́ ọn lẹ́yìn láìfi àyè kankan sílẹ̀. Bí sáìtì yín bá ní ojú ewé mẹ́wàá, tí Google sì kó bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá jáde, ó ti mọ̀ yín. Bí kò bá kó nǹkan kan jáde, ẹ má tíì bínú sí Google. Bí WordPress, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ sáìtì, ni ẹ ń lò, ẹ wọ inú Settings, ẹ tẹ Reading. Ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ sáìtì máa ń fi àmì sí àpótí yìí nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí àlejò má baà wọ ilé tí wọn ò tíì kùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wá parí, tó gba owó rẹ̀ tán, kì í rántí yọ àmì náà mọ́. Sáìtì á wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, olówó rẹ̀ á sì máa wá ẹni tí yóò "gbé e sókè".

Ibi kejì ni fáìlì robots.txt, tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ Google lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ wọ̀. Ẹ fi /robots.txt sí ìparí àdírẹ́sì yín, kí ẹ kà á. Bí ẹ bá rí "Disallow:" tí kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí "Disallow: /" lábẹ́ "User-agent: *", wọ́n ti ti gbogbo ilé pátá. Ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì, ọ̀pọ̀ ojú ni kì í sì í rí i.

Bí méjèèjì bá mọ́, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó tíì sọ fún Google pé ẹ wà. Ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un ni Search Console, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀nà tó wù wá jù láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni sáìtì ni ti TXT record: Google á fún yín ní ọ̀rọ̀ gígùn kan, ẹ ó lọ fi í sínú DNS, àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka ibi tí sáìtì yín wà, níbi tí ẹ ti ra domain, ìyẹn orúkọ àdírẹ́sì yín. Ó gbà yín ní wàhálà díẹ̀ ju kí ẹ gbé fáìlì HTML sórí sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé sáìtì yín, lọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbà: ó kárí http àti https, ó kárí èyí tó ní www àti èyí tí kò ní. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní sitemap, àkójọ àdírẹ́sì àwọn ojú ewé yín. WordPress láti ẹ̀dà 5.5, tó jáde ní 2020, ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀, wp-sitemap.xml ni orúkọ rẹ̀. Ojú ewé tó bá jẹ yín lógún jù, ẹ lẹ àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́ àpótí URL Inspection, kí ẹ tẹ Request Indexing lẹ́ẹ̀kan. Títẹ̀ ẹ́ nígbà ogún kì í mú un yá.

Ọ̀pọ̀ ló ń kú síbi DNS yìí, nítorí pé ẹni tó kọ́ sáìtì ló ra domain lórúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú ímeèlì ara rẹ̀. Bí ó bá kó lọ sí Abuja tàbí tó yí nọ́ńbà padà, ẹ ti di ayálégbé nínú ilé tí ẹ fi owó yín kọ́. Kí ẹ tó san owó tó kù fún un, ẹ gba ọ̀rọ̀ aṣínà ibi tí domain wà, ti hosting (ibi tí ẹ ti yá àyè fún sáìtì), àti ti sáìtì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ímeèlì tiyín ló wà níbẹ̀.

Ó kù díẹ̀ lórí site: yẹn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí Google sì kó ojú ewé jáde ní èdè Japan, tàbí ti tẹ́tẹ́, tàbí ti oògùn tí ẹ kò tà rí, olè ti wọlé. Ohun tó sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un ni theme (ìrísí sáìtì) tàbí plugin (àfikún iṣẹ́) olówó tí ẹnì kan fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí èyí tí ẹ ò sọ dọ̀tun láti ìgbà pípẹ́. Ẹ yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà padà, ẹ yọ orúkọ aṣàmúlò tí ẹ kò mọ̀ kúrò, ẹ pa plugin tí wọ́n jí náà rẹ́, ẹ sọ ìyókù dọ̀tun. Lẹ́yìn náà, ẹ wo abẹ́ "Users and permissions" nínú Search Console. Àwọn olè yìí máa ń fi ara wọn ṣe onílé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń fọ sáìtì tán láìlé wọn jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó kan àwa ará ìwọ̀ oòrùn Kogi gan-an: orúkọ ìlú wa. Ẹ ó ti rí i pé a kò fi àmì sórí àwọn orúkọ ìlú nínú lẹ́tà yìí. Bí wọ́n ṣe wà lára pátákó ojú ọ̀nà la ṣe kọ wọ́n, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wá wọn ṣe ń tẹ̀ wọ́n sínú fóònù.

Ẹ wo Egbe ní Yagba West. Bí a bá yọ àmì kúrò, kò yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ogidi tó ń hun aṣọ ní Ijumu ní ẹnìkejì tó tóbi jù ú lọ ní Anambra, nítòsí Onitsha. Isanlu wà ní Yagba East, Isanlu Isin sì wà ní Kwara. Ayetoro Gbede ni tiwa, àmọ́ Ayetoro wà ní ìpínlẹ̀ Ogun, òmíràn wà létí òkun ní Ondo. Okun tí a fi kí yín lókè yẹn, tó di orúkọ gbogbo wa, lè di òkun omi, okùn tí a fi ń di ẹrù, tàbí okun inú ara nígbà tí kò bá sí àmì. Kabba ní b méjì lójú ìjọba, àwọn kan ń fi b kan tẹ̀ ẹ́. Bákan náà, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Kwara la wà, ìwé àtijọ́ tó ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń pè wá bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, sáìtì tó bá kọ "Aṣọ-òkè Ogidi" nìkan ń bá ìlú mìíràn du àlejò. Ẹ kọ ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ pọ̀: "Aṣọ-òkè híhun ní Ogidi Ijumu, Kogi". Ẹ kọ ọ́ síbi mẹ́ta: inú title (àkọlé ojú ewé), gbólóhùn àkọ́kọ́ ojú ewé, àti ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí àdírẹ́sì wà. Bákan náà ni kí ẹ kọ ọ́ lórí Facebook àti lórí máàpù Google. Bí ẹ bá kọ "Opp. General Hospital" síbi kan, tí ẹ kọ orúkọ àdúgbò síbòmíràn, tí nọ́ńbà fóònù tún yàtọ̀, Google lè rò pé ilé ìtajà méjì ni.

Title ni ọ̀rọ̀ tó ń hàn gẹ́gẹ́ bí àkọlé nínú èsì Google. Ẹ má jẹ́ kó ju nǹkan bí ọgọ́ta lẹ́tà lọ, nítorí Google máa ń gé ìyókù sọnù lójú. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní láti ní tirẹ̀. Sáìtì tí gbogbo ojú ewé rẹ̀ ń jẹ́ "Home" dà bí ọjà tí gbogbo ìsọ̀ ń jẹ́ "Ìsọ̀". Àwọn kan ṣì ń gba owó láti kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ sínú meta keywords, ìlà tó fara pamọ́ sínú ojú ewé. Google ti sọ láti 2009 pé òun kò lo ìyẹn láti to sáìtì.

Àdírẹ́sì ojú ewé yàtọ̀. Ẹ má fi àmì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà "ọ" sínú àdírẹ́sì, tí ẹnì kan sì dà á kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó lè di %E1%BB%8D. Aṣọ-òkè tó bá di ìlà gígùn tó kún fún àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún, ẹni tó rí i á rò pé gbájúẹ̀ ni. aso-oke-ogidi-ijumu tó. Àmì hyphen ni kí ẹ fi pín ọ̀rọ̀, kì í ṣe ìlà ìsàlẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ojú ewé fúnra rẹ̀, ẹ fi àmì sí Yorùbá yín dáadáa, àmọ́ ẹ ṣọ́ irú àmì tí ẹ ń lò. Àwọn kan ń kọ lẹ́tà "o", wọ́n á wá fà á nílà lábẹ́. Lójú ènìyàn, ó jọ "ọ". Lójú ẹ̀rọ, "o" lásán ni, tí wọ́n fi ìlà ṣe ẹ̀ṣọ́ fún. Àwọn mìíràn ń lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà, U+0329 nínú Unicode (àkójọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá lẹ́tà mọ̀), dípò àmì tó-tó, U+0323. Ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n jẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wá wọn. Pátákó Yorùbá inú Gboard kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Ẹ sì rí i pé <meta charset="utf-8"> wà lókè ojú ewé, láàárín bytes 1024 àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí á» níbi tó yẹ kí lẹ́tà "ọ" wà, àìsí rẹ̀ ló sábà máa ń fà á.

Ó ku ti fọ́ńtì. Unicode kò ní lẹ́tà ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà pẹ̀lú àmì tó dúró fúnra rẹ̀ ni. Fọ́ńtì ológe tí wọn kò ṣe nítorí tiwa máa ń ju àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fìlà tó fẹ́ já bọ́. Kí ẹ tó gba fọ́ńtì kan, ẹ tẹ "ẹ́ ọ̀ ṣ ǹ Ọ́" sínú rẹ̀, kí ẹ wò ó lórí fóònù. Noto Sans kì í dójú tini.

Ẹ má fi fóònù ara yín díwọ̀n ipò yín. Google mọ ibi tí ẹ wà, ó sì lè máa gbé ohun tó sún mọ́ yín síwájú fún yín. Ẹni tó wà ní Lokoja tàbí ní Ibadan kò rí ohun tí ẹ rí. Ẹ wo Performance nínú Search Console: ó ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ hàn, iye ìgbà tí sáìtì yín yọjú, iye tó tẹ̀ ẹ́, àti ìpíndọ́gba ipò, fún oṣù mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó bá yọjú níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọn kì í tẹ̀, ni kí ẹ fi tún title ṣe.

Fún ilé ìtajà tó ní ilẹ̀kùn, Google Business Profile lè ṣe ju sáìtì fúnra rẹ̀ lọ. Kò gba kọ́bọ̀. Adúgbò wa tí kò ní nọ́ńbà ilé lè lo Plus Code, lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ tí máàpù máa fún yín bí ẹ bá tẹ ìka mọ́ orí òrùlé yín. Láti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Google sábà máa ń béèrè fídíò: ẹ fi títì hàn, ẹ fi pátákó hàn, ẹ ṣílẹ̀kùn wọlé kó rí ọjà, kí ẹ má sì gé e. Ẹni tí pátákó rẹ̀ bá ṣì gbé àdírẹ́sì tó parí sí .business.site, kó lọ pa á rẹ́. Google ti ti gbogbo irú sáìtì bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹta 2024.

Ọ̀rọ̀ wá kan aṣàwákiri, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní búráúsà.

Chrome, Edge, Opera, Brave àti Samsung Internet dà bí ọkọ̀ márùn-ún tí ara wọn yàtọ̀, tó jẹ́ ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú wọn. Blink ni orúkọ ẹ́ńjìnì yẹn, òun ló ń to ojú ewé. Firefox ní tirẹ̀, Gecko. Safari orí iPhone ní tirẹ̀, WebKit, Chrome tí ẹ bá sì rí lórí iPhone níhìn-ín, WebKit ló wà nínú òun náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ti dán sáìtì wò nínú Chrome, Edge àti Opera kò tíì dán an wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Chrome kan, Firefox kan, iPhone kan tí ẹ yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́: ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ̀rọ tí Google ń rán wá ka sáìtì yín ń lo ẹ́ńjìnì Chrome tó dé kẹ́yìn, láti oṣù karùn-ún 2019. Ojú fóònù ló sì fi ń wò ó: láti ọjọ́ 5 oṣù keje 2024, sáìtì tí kò bá lè ṣí rárá lórí fóònù kì í wọ ìwé Google mọ́. Ohun tí àwọn tó ń ta SEO kì í sọ fún yín nìyí: Google ń fi ojú Chrome tuntun wò yín, lórí sáfà tí iná kì í lọ, àmọ́ oníbàárà tó ń wá gààrí tàbí kaṣú lọ́dọ̀ yín lè máa lo Opera Mini lórí dátà tó ṣẹ́kù díẹ̀, tàbí Phoenix tó bá Tecno àti Itel wá. Sáìtì lè gba máàkì ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ Google, kí bọ́tìnì "Rà á" má ṣiṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Nígbà tí Opera Mini bá wà lórí Extreme, ipò tó ń ṣọ́ dátà jù, kì í ṣe fóònù ló ń to ojú ewé. Sáfà Opera ló ń ṣí i, á fún un pọ̀, á fi èyí tó ti kéré ránṣẹ́. Ìdí tí dátà fi ń pẹ́ nìyẹn. Ìdí náà nìyẹn tí mẹ́nù tó gbára lé JavaScript, èdè tó ń mú ojú ewé ṣiṣẹ́, fi máa ń padà sọ́dọ̀ sáfà kó tó ṣí, tàbí kó má ṣí rárá. Fọ́ńtì tí ẹ kó wá láti ìta kì í wọlé níbẹ̀. Bí àmì fóònù, àmì mẹ́nù àti àmì apẹ̀rẹ̀ ọjà yín bá jẹ́ ti fọ́ńtì, àpótí òfìfo ni oníbàárà máa rí. Oògùn rẹ̀ kò le: ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àmì. "Pè wá". "Ọjà wa". Kí fọ́ọ̀mù jẹ́ ti HTML lásán tó lè lọ láìsí JavaScript. Kí nọ́ńbà fóònù jẹ́ líǹkì tel: tí wọ́n lè tẹ̀. Líǹkì WhatsApp ń dojú dé nítorí ohun kékeré: lẹ́yìn wa.me/, ẹ kọ 234, ẹ yọ òdo iwájú kúrò, ẹ má fi àmì ìròpọ̀ tàbí àyè sí i. Bí 080 bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹni tó bá tẹ líǹkì yín nínú Facebook tún lè má jáde sí Chrome. Facebook ní fèrèsé tirẹ̀ tó fi ń ṣí i. Google kì í gbà kí èèyàn fi àkáǹtì Google wọlé nínú irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, nítorí náà sáìtì tó bá jẹ́ pé ọ̀nà ìwọlé kan ṣoṣo nìyẹn yóò lé oníbàárà padà. Ẹ fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún un.

Ìkìlọ̀ "Sáìtì yín kò láàbò" tí aṣàwákiri máa ń gbé jáde náà ní orírun tirẹ̀. Ìwé ẹ̀rí https ti Let's Encrypt, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ hosting ń fúnni, sábà máa ń lo 90 ọjọ́, ẹ̀rọ ló sì yẹ kó máa sọ ọ́ dọ̀tun fúnra rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́ dọ̀tun, gbogbo aṣàwákiri ló máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé fóònù oníbàárà kan ṣoṣo ló ń pariwo, ẹ ní kó kọ́kọ́ wo déètì fóònù rẹ̀. Bátìrì tó kú pátápátá lè dá déètì padà sí ọdún àtijọ́, fóònù á wá rò pé ìwé ẹ̀rí yín kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí déètì bá tọ̀nà, tí fóònù sì jẹ́ Android 7.0 tàbí èyí tó gbó jù ú lọ, ó ṣeé ṣe kó má mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà. Láti oṣù kẹsàn-án 2024 ni ìfọwọ́sí mìíràn tó jẹ́ afárá fún irú fóònù bẹ́ẹ̀ ti parí. Firefox gbé àkójọ tirẹ̀ dání, nítorí náà ẹ̀dà rẹ̀ tó bá fóònù náà mu sábà máa ń ṣí i.

Lórí ìyára, Google ń wo nǹkan mẹ́ta. Ohun tó tóbi jù lójú ewé gbọ́dọ̀ hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Bí èèyàn bá tẹ nǹkan, ojú ewé gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 200. Ohun tó wà lójú ewé kò gbọdọ̀ máa sún kiri nígbà tí ó ń ṣí, kí máàkì ìsúnkiri má ju 0.1 lọ. Chrome ló ń ka èyí lára àwọn tó ń lò ó. Opera Mini, Firefox àti iPhone kò sí nínú ìṣirò náà. Sáìtì kékeré tí àlejò rẹ̀ kò pọ̀ á rí "No data" nínú PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wọn ìyára. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wá fi ojú ara yín wò ó: nínú Chrome orí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ F12, ẹ wọ Network, ẹ yan 3G, kí ẹ tún ojú ewé ṣí. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà dúró kí ẹ wò ó.

Fọ́tò ló sábà máa ń jẹ̀bi. Fọ́tò fóònù kan lè tó 4 MB. Lórí network tó ń sáré 1 Mbps, fọ́tò kan yẹn á gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 32. Bí ẹ bá dín ìbú rẹ̀ kù sí píksẹ́ẹ̀lì 1200, tí ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fọ́tò tó fúyẹ́, ó lè wá sí nǹkan bí 120 KB, ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Squoosh.app ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nínú aṣàwákiri yín, fọ́tò náà kì í sì í kúrò lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ kọ width àti height fọ́tò sínú HTML kí ojú ewé má baà máa fò. Ẹ lè fi loading="lazy" sí àwọn fọ́tò ìsàlẹ̀, àmọ́ ẹ má fi sí ti òkè pátápátá; òun gan-an ni Google ń dúró dè.

Fọ́tò tó burú jù ni flyer. Àwọn kan ń gbé gbogbo iye owó, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà sínú àwòrán kan, wọ́n á gbé e sójú ewé, ó parí. Oníbàárà kò lè tẹ nọ́ńbà inú àwòrán, Opera Mini tó ti fún un pọ̀ lè sọ ọ́ di ràìràì, Google náà kò ní kà á bí ọ̀rọ̀ ojú ewé. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ bí ọ̀rọ̀.

Èwo wá ni kí ẹ̀yin fúnra yín máa lò? Èyí tó bá wù yín. Aṣàwákiri tí ẹ fi ń kọ sáìtì kò kan ipò yín lórí Google, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ó kàn án ń purọ́. Ẹ ṣáà ní méjì lórí láptọ́ọ̀pù, Chrome àti Firefox. Bí ẹ bá yí nǹkan padà lórí sáìtì, tí ó dà bí ẹni pé kò yí, ẹ tẹ Ctrl àti F5 pọ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ní káfé, ẹ lo fèrèsé ìkọ̀kọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà yín.

Ó kan ẹ̀yin náà wàyí, Olóòtú. Àwọn tó ń ta "líǹkì 500" láti orí sáìtì mìíràn wá sórí tiyín ń ta ohun tí Google ka sí jìbìtì, ó sì lè já sáìtì sísàlẹ̀ fún un. Líǹkì kan ṣoṣo láti inú ìròyìn tí akọ̀ròyìn kọ nítorí pé ohun náà yẹ ní kíkọ ló wúlò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìwé ìròyìn bá sì kọ nípa ahunṣọ wa tàbí àgbẹ̀ kaṣú wa, fọ́tò flyer wọn ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀, láìsí líǹkì. Ẹ bá wa fi líǹkì sáìtì wọn síbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè tẹ̀, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ìpolówó tí wọ́n sanwó fún, ẹ fi rel="sponsored" sí i, ìyẹn ni Google ní ká ṣe. Ẹ má sì kọ Ogidi nìkan. Ẹ kọ Ogidi Ijumu, ìpínlẹ̀ Kogi.

Àwa tí a ń kọ́ sáìtì, tí a sì ń tún un ṣe,
Kabba, ìpínlẹ̀ Kogi